Igi Méjì Gbóná, Igi Méjì Tutù

Ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé ilé náà ní Ripple Road, ṣùgbọ́n bàtà wọn nìkan ni Pamílẹ́rìn mọ̀. Bàtà funfun kan wà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí apá kan: ẹni tó ni ín ń tiro díẹ̀, ó ń tọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe, nítorí òwúrọ̀ ni bàtà náà máa ń dé. Bàtà pupa kan wà tí méjèèjì kì í fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn: akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ó máa ń kánjú. Bí Pamílẹ́rìn bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wo bàtà, á ṣírò ẹni tó wà nílé àti ẹni tó jáde, á sì wọ yàrá rẹ̀ lọ láìrí ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwà rẹ̀ rí láti kékeré. Kò lè rí ohun tó díjú kó má tú u wò. Rédíò bàbá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó kọ̀ tí kò ṣí, ìṣirò tí tíṣà fúnra rẹ̀ ń yẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ló gbé e dé Yunifásítì Ifẹ̀ láti kọ́ nípa ẹ̀rọ, ìyẹn náà ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù láti gba oyè kejì. Oyè kejì wọlé. Iṣẹ́ tó bá oyè mu ni kò wọlé.

Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n dè mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ ti ń sọ ohun tí yóò gbé fún un àti ibi tí yóò gbé e sí. Ó lè lọ kó dé, kó má gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ṣe ni Bọ̀dá Hamid gbà á sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni Bọ̀dá Hamid, ó ti ń tún ohun onígi àti onírin ṣe ní River Road láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fi ohun kan tó bàjẹ́ han Pamílẹ́rìn, ó ní, "Kí lo rò?" Ó pẹ́ díẹ̀ kí Pamílẹ́rìn tó rántí pé òun lè dáhùn.

Ohun tó bàjẹ́ náà ni ọkọ̀ kan, irú èyí tí ẹṣin ń fà lórí irin láàárín ìgboro láyé àtijọ́, kí iná mànàmáná tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin. Àgbẹ̀ kan ti sọ ọ́ di ilé adìyẹ. Ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà òyìnbó kan tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ló gbà á lọ́wọ́ àwọn adìyẹ, wọ́n sì fẹ́ kí ó tún máa rìn nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan, kí ẹṣin gidi máa fà á, kí àwọn ọmọdé máa gùn ún ní ọjọ́ Àìkú. Bọ̀dá Hamid tún gbogbo ara rẹ̀ ṣe, ó kùn ún, ó gbé àga sí i. Bíréèkì ni kò sí. Bọ̀dá Hamid ní adìyẹ ò nílò bíréèkì, ẹnì kan ti tú irin abẹ́ rẹ̀ tà.

Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ yìí lè béèrè pé kí ni ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà fẹ́ fi bíréèkì ṣe, ṣebí bí ẹṣin bá dúró, ọkọ̀ á dúró. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹṣin lè fa ọkọ̀, kò lè dá a dúró. Táyà irin lórí ojú irin kì í rí ohun dì mú. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ á máa bọ̀ lẹ́yìn ẹṣin, á sì gbá a lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Nítorí náà bíréèkì yìí kì í ṣe ti èrò inú ọkọ̀. Ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le láti sọ. Ọ̀pá irin kan dúró gbọnrangandan níwájú awakọ̀, ọwọ́ idẹ wà lórí rẹ̀. Bí awakọ̀ bá yí ọwọ́ idẹ náà, ṣéènì á máa wé mọ́ ìdí ọ̀pá, ṣéènì á fa irin gígùn kan lábẹ́ ọkọ̀, irin náà á sì ti ègé igi mẹ́rin mọ́ táyà mẹ́rin. Igi á gbá irin mú. Nísàlẹ̀ ọ̀pá, irin eléyín kan wà tí awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ ti ègé irin kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní èékánná, bọ àárín eyín rẹ̀, kí ṣéènì má bàa tú padà. Ibi tó ti díjú ni pé ọkọ̀ náà kì í yí padà. Ẹṣin ni wọ́n ń tú, tí wọ́n á mú lọ sí ìdí kejì. Ọ̀pá méjì ló gbọ́dọ̀ wà, kí èyíkéyìí nínú wọn lè fa igi mẹ́rin kan náà láìjẹ́ pé èkejì ń dí i lọ́wọ́. Kò sí àwòrán kan tó pé. Ihò tí bóòtù àtijọ́ fi sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ni Pamílẹ́rìn fi mọ ibi tí irin kọ̀ọ̀kan ti wà rí, bí ẹni tó ń ti ara àpá mọ ohun tó ṣe ènìyàn. Ó ń ro ó nínú bọ́ọ̀sì, ó ń ro ó nídìí sítóòfù. Nígbà tó bá dá wà lábẹ́ ọkọ̀, á máa bá irin náà sọ̀rọ̀: ó káre, rọra, dúró jẹ́ẹ́. Irin náà nìkan ló ń bá sọ Yorùbá láti òwúrọ̀ dalẹ́ bí Bọ̀dá Hamid bá jáde.

Bọ̀dá Hamid ti là á yé e. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ náà yóò mú ẹṣin wá. Bí bíréèkì bá mú, ọkọ̀ náà yóò máa rìn, wọn yóò sì nílò ẹni tí yóò máa dúró nídìí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Bọ̀dá Hamid ti dárúkọ Pamílẹ́rìn fún wọn. Bí kò bá mú, wọn yóò kan táyà mọ́lẹ̀, wọn yóò fi í ṣe ìran wíwò, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù náà tó tó ènìyàn méjì. Pamílẹ́rìn mọ ibi tí òun yóò padà sí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní àmì ibi tí ẹ̀rọ yẹn máa ń dè mọ́.

Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù náà àti ìjọ Aládùúrà kan tó háyà ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀gbẹ́ wọn. Inú ṣọ́ọ̀bù ni omi ẹ̀rọ wà, nítorí náà ìjọ ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n máa ń wá pọnmi tí wọ́n fi ń fọ ilé Ọlọ́run. Ẹni tó sábà máa ń wá ni Màmá Fèyí, ìyá àgbà kan tí ohùn Ìjẹ̀bú kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Pamílẹ́rìn máa ń sá fún un. Á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì rá wọ abẹ́ ọkọ̀ padà, nítorí ó mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé ìkíni: ìyàwó ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, ìgbà wo lò ń bọ̀ ní sọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ náà, Màmá Fèyí gbé garawa kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí ni ọmọ òun ń ṣe níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pamílẹ́rìn ṣàlàyé fún un kíákíá. Ìyá náà béèrè ohun kan tí Pamílẹ́rìn kò retí.

"Níbo gan-an ló ti ń dì í mú?"

Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. "Ibi tí igi ti ń kan táyà yìí ni, mà. Ibí yìí ni gbogbo ẹ̀ wà."

Ìyá náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá kan ìyàwó àti oúnjẹ, Pamílẹ́rìn sì sọ ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ń sọ kí àgbàlagbà lè fi í sílẹ̀: "Ẹ ṣáà máa fi mí sínú àdúrà, mà. Sátidé la máa dán an wò." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ó dàárọ̀.

"Mo gbọ́, ọmọ mi," ni Màmá Fèyí wí, ó sì gbé garawa rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kó àpò yanrìn sínú ọkọ̀, òun àti Bọ̀dá Hamid, wọ́n sì tì í sórí irin kúkúrú tí ẹgbẹ́ náà tò sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ dé ìsàlẹ̀ àgbàlá, níbi tí wáyà ti pààlà létí odò Roding. Bíréèkì mú láti iwájú. Ó mú láti ẹ̀yìn. Bọ̀dá Hamid wo ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá ẹ sọ ẹ́ ní Pamílẹ́rìn, ìwọ fúnra ẹ kì í rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín, ó mú." Wọ́n ti ọkọ̀ padà sínú ilé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, èkejì kọjú sí ẹnu ọ̀nà kékeré tí ènìyàn ń gbà wọlé. Pamílẹ́rìn tú ọwọ́ idẹ náà kí igi má bàa fa ọ̀rinrin odò kó lẹ̀ mọ́ irin, ó fi igi ìdènà sábẹ́ táyà, ó lọ sílé. Kò sí ẹni tí òun lè sọ fún pé ó mú. Ó wo bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ náà ti dé kó tó débẹ̀. Wọ́n ti to àga sí àgbàlá, wọ́n ti ń bu tíì. Ó wù ú kó tún dán bíréèkì wò, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Hamid fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kò dára kí oníbàárà máa wo oníṣẹ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ń bà lẹ́rù. Ó ṣe tán, ṣebí ó mú lánàá.

Dólì ni wọ́n ń pe ẹṣin náà. Obìnrin òyìnbó kan ló mú un wá láti apá Dagenham East. Ó sanra, irun gígùn bo pátákò rẹ̀. Pamílẹ́rìn fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná. Ẹṣin náà mí sí i létí, kò sì kúrò níbẹ̀. Òun náà kò kúrò.

Wọ́n so Dólì mọ́ ìdí ọkọ̀ tó kọjú sí odò. Ó fà, ọkọ̀ ṣí. Nígbà tó jáde sójú ibi tó dà gẹ̀rẹ́, Pamílẹ́rìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ idẹ. Ṣéènì wé. Ó gbọ́ nígbà tí igi kan irin. Ó yí i dé ibi tó le, ó fẹsẹ̀ ti èékánná bọ eyín, ó wá ń retí kí ọkọ̀ dúró.

Ọkọ̀ ò dúró. Kò sáré o, ó kàn ń bọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Okùn tó so ẹṣin mọ́ ọn rọ̀, ó ń wọ́lẹ̀. Dólì gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó da etí sẹ́yìn, ó yára. Ọkọ̀ náà yára. Pamílẹ́rìn fi gbogbo ara lé ọwọ́ idẹ náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tó ń gbé sókè níwájú rẹ̀. Àlàfo tó kù kò gba àga kan mọ́. Obìnrin tó ni ẹṣin yọ ìkọ́, ó fa Dólì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ̀dá Hamid ju igi ìdènà sábẹ́ táyà. Ọkọ̀ náà gun orí igi náà díẹ̀, ó padà, ó dúró.

Kò sí ẹni tó fara pa. Bàbá tó jẹ́ alága wọn ní kí wọ́n lọ mu tíì, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kúrò nídìí ibojì. Pamílẹ́rìn gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé bóyá kí wọ́n kan táyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n gbin òdòdó yí i ká.

Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò mọ̀ bóyá nítorí àtiwá ìdí ọ̀rọ̀ ni àbí kí wọ́n má bàa rí ojú òun. Ṣéènì wà bó ṣe wà. Irin ò tẹ̀. Ó fọwọ́ kan igi àkọ́kọ́ ní ìhà tó kọjú sí ògiri lánàá: ó gbóná, ó ń rùn bí igi tó fẹ́ jó. Èkejì rẹ̀ ní ìhà kan náà gbóná. Ó wọ́ kọjá sí ìhà ẹnu ọ̀nà. Igi ibẹ̀ tutù. Èkejì rẹ̀ náà tutù, bí ọ̀lẹ tó dúró láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, ọkàn Pamílẹ́rìn balẹ̀. Ohun tó mú ní ìhà kan tí kò mú ní ìhà kejì ní ìdí.

Ó fi ìka nu igi tutù náà, ó gbé e sí imú. Òróró ólífì ni, lọ́fíńdà sì wà nínú rẹ̀, irú lọ́fíńdà ìjọ tó máa ń gba ara ògiri wọlé wá bá a. Lára táyà, níbi tí igi kò tíì nù kúrò, wọ́n fi ìka ya àgbélébùú kan. Ó dìde, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí ọkọ̀ sùn, ní ìhà ẹnu ọ̀nà, ó rí ojú ibi méjì lórí ilẹ̀ tí orúnkún ti nu eruku kúrò.

Bọ̀dá Hamid dé bá a níbẹ̀. Ó bi í bóyá ó fi gíríìsì kan igi.

"Òróró ni," ni Pamílẹ́rìn wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi síbẹ̀."

Bọ̀dá Hamid gbóòórùn ìka rẹ̀, ó yíjú sí ògiri ìjọ. "Mo máa gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ wọn lónìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ẹ jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Wàá wá sọ fún ìyá arúgbó pé àdúrà ẹ̀ fẹ́ pa ẹṣin?"

Pamílẹ́rìn na ọwọ́ mú àkísà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bọ̀dá Hamid fi ìfági fá ojú igi méjèèjì títí ó fi kan ibi tó gbẹ, Pamílẹ́rìn fi pẹtirólù nu táyà, ó fi eruku bíríkì pa á, ó fún bóòtù kí àlàfo lè dọ́gba. Nígbà tí tíì parí, wọ́n fi ọwọ́ ti ọkọ̀ náà sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì mú un bí ẹ̀mú. Alága béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Pamílẹ́rìn ní òróró ló kàn án, àṣìṣe òun ni. Ṣùgbọ́n Dólì kò gbà kí wọ́n so òun mọ́ ọn mọ́. Ó ń yí ojú, ó ń fẹsẹ̀ walẹ̀. Obìnrin tó ni ín ní òun yóò mú un padà wá ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹṣin òun bá tún gbọ́ táyà yẹn lẹ́yìn rẹ̀, ó parí. Alága gbà bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Pamílẹ́rìn ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Bí kò bá sọ ọ́, ìyá náà yóò tún wá ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì lè wá ọ̀nà dé ìhà kejì. Bí ó bá sọ ọ́, báwo ni ọmọ ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà? Ó tò ó títí bí ẹni tó ń to ìṣirò, kò jáde. Ohun tó ń bọ́ sí i lọ́kàn dípò èsì ni ojú ibi méjì tó wà lórí ilẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tó ti wọ ìlú yìí, ó rò pé kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá òun wà tàbí òun ò sí. Ẹnì kan sì ti wá kúnlẹ̀ lórí kankéré tútù nítorí òun, ó ya àgbélébùú, ó dìde, ó tilẹ̀kùn. Òun wà nílé nígbà yẹn, ó ń ka bàtà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó lọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó sì tẹ ilẹ̀ tó tutù dé orí. Màmá Fèyí nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń to àga. Pamílẹ́rìn dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde kó tó sọ ọ́. Ó sọ nípa igi, ó sọ nípa òróró, ó sọ bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀, àti pé ọ̀la ni wọ́n máa tún dán an wò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò kò wúlò, ó kàn sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá náà jókòó.

"Ẹṣin yẹn ńkọ́?"

"Kò fara pa, mà. Igi méjì tí ọwọ́ yín ò tó ló gbà á sílẹ̀."

"Orúnkún mi ni," ni Màmá Fèyí wí. "Ìhà ògiri yẹn há, orúnkún mi ò jẹ́ kí n débẹ̀. Mo sì délé, mo ń bá a jà pé ó ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, Pamílẹ́rìn kò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Nígbà tó dákẹ́, ojú rẹ̀ dàgbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wo ìgò òróró lórí tábìlì, ó tún wo Pamílẹ́rìn. "Kí ni màá wá ṣe sí ti ọ̀la báyìí? Mo ti ṣèlérí fún ẹ."

Ìyẹn nìkan ni ìbéèrè tí Pamílẹ́rìn kò tíì rò ṣáájú, òun náà ló sì rí èsì rẹ̀.

"Ẹ má fi sára igi mọ́, mà. Orí mi ni kẹ́ ẹ fi sí."

Ó kúnlẹ̀. Òróró náà tutù nígbà tó kan àárín orí rẹ̀, ó ṣàn dé ẹ̀yìn etí. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà kà á lórí, ó wúwo, ó gbóná. Ìyá tó bí i ló di èjìká rẹ̀ mú gbẹ̀yìn, ní pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, kò sì sí ẹni tó tún fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà àfi ẹni tó gbá a lára nínú ọkọ̀ ojú irin. Màmá Fèyí gbàdúrà pẹ́. Ó dárúkọ rẹ̀ léraléra. Ó dárúkọ ẹṣin náà pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kejì, Pamílẹ́rìn dán bíréèkì wò lójú gbogbo ẹgbẹ́ náà, kò ka ti oníbàárà sí. Ó fọwọ́ kan igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo wọn gbẹ. Wọ́n so Dólì, ó lọ́ra, ó gbà. Ọkọ̀ jáde, ó sọ̀ kalẹ̀, Pamílẹ́rìn yí ọwọ́ idẹ. Igi gbá irin mú. Dólì tún gbé ìṣísẹ̀ kan, okùn náà le gan-an lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ò tẹ̀ lé e. Ẹṣin náà dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko létí wáyà.

Alága bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó bi í bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, nítorí yóò máa pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú bí oṣù Kẹrin bá dé tí ọgbà ìgbafẹ́ bá ṣí. Bọ̀dá Hamid bi í bóyá òun ló ní kó má rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó àga, wọ́n fọ ife, wọ́n mú Dólì lọ. Bọ̀dá Hamid lọ kírun.

Pamílẹ́rìn dúró lórí ọkọ̀ nínú àgbàlá tó ṣófo, ọwọ́ rẹ̀ lórí idẹ. Afẹ́fẹ́ ń ti ojú odò wá. Lọ́fíńdà àná ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó wo ìhà ìjọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ẹnikẹ́ni kì í wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní láti dúró di ọ̀la kó tó lè sọ fún Màmá Fèyí pé ó mú.

Ó tú èékánná kúrò nínú eyín, ó rọra jẹ́ kí ṣéènì tú padà kí igi má bàa lẹ̀ mọ́ irin, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì.